Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Wá Mọ́tò Kékeré Àtijọ́ Ilẹ̀ Ítálì Kiri? Ẹ Bi Ìpáàrà Léèrè

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kẹ́mísírì ló wà nídìí ẹ̀.

Lọ́dún 1957, ilé-iṣẹ́ Fiat nílùú Turin gbé mọ́tò kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Nuova 500. Dante Giacosa ni ẹnjiníà tó ṣe é. Gígùn rẹ̀ ò pé mítà 3. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 479 cc: tí ẹ bá ro ti ọ̀kadà 125 cc mẹ́rin pọ̀, ó ti jù ú lọ. Síbẹ̀, kí wọ́n tó ṣíwọ́ ṣíṣe é lọ́dún 1975, ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.

Ohun tó pọ̀ tó báyìí, tí kò sáré, tí kì í ṣe ti olówó, kí ló dé tí àwọn tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ fi ń wá èyí tó ṣì dáa nínú ẹ̀ bí ẹni ń wá wúrà?

Ọgbọ́n inú páànù tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹ mú bébà kan, ẹ gbé e sórí etí ife méjì. Á tẹ̀ wọlé láàárín. Ẹ wá ká a díẹ̀ bíi afárá, ẹ tún gbé e. Ó dúró, àbí? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bébà yẹn ni Giacosa lò. Ó fẹ́ fi irin díẹ̀ ṣe mọ́tò kí owó ẹ̀ lè wálẹ̀, nítorí náà ó jẹ́ kí ara rẹ̀ rí roboto, torí páànù tó tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ máa ń le ju èyí tó tẹ́jú lọ. Aṣọ tó ṣeé ká ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Lọ́dún 1959, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Compasso d'Oro, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ọnà ní Ítálì. Lọ́dún 2017, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York gba ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní 1968.

Ṣùgbọ́n páànù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà ni ọ̀tá mọ́tò yìí, torí kì í pẹ́ kí ìpáàrà tó lu ú já.

Bí irin ṣe ń dógùn-ún

Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú kẹ́mísírì, bátìrì kékeré ni mo máa ń fi irin tó ń dógùn-ún wé. Níbì kan lára irin, irin ń pàdánù èlẹ́kítírọ̀nù. Èlẹ́kítírọ̀nù yìí á gba inú irin náà lọ síbòmíì, ọ́síjìn àti omi á sì gbà á níbẹ̀. Tí iyọ̀ bá wọ inú omi náà, iná ń kọjá nínú ẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ ìbàjẹ́ á yá sí i. Ìdí nìyí tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní Yúróòpù ò fi dára fún mọ́tò rárá.

Alumíníọ̀mù náà ń bá ọ́síjìn pàdé, ṣùgbọ́n èépá tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, á sì bò ó. Ìpáàrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń gba àyè ju irin lọ, ó ń wú, ó ń ti ọ̀dà kúrò, á wá ṣí irin tuntun sílẹ̀ fún omi. Inú kọ̀rọ̀ tí ojú ò tó ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mọ́tò òde òní, síǹkì ni wọ́n sábà fi ń bo irin wọn. Síǹkì máa ń fi èlẹ́kítírọ̀nù tirẹ̀ sílẹ̀ kí irin tó fi tirẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ń ṣe lára páànù òrùlé wa. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìgbà náà ò ní irú ààbò yìí. Alfasud, tí Alfa Romeo ń ṣe nítòsí Naples, dùn ún wà gan-an, àmọ́ ìpáàrà bà á lórúkọ jẹ́. Ti Lancia Beta burú débi pé ní 1980, ilé-iṣẹ́ náà ń ra àwọn kan padà lọ́wọ́ oníbàárà ní Brítéènì.

Ohun tí wọ́n ń wá gan-an

Ẹni tó mọ̀ ọ́n rà máa ń mú òòfà dání, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì tí panel beater fi dí ihò. Ibi tí òòfà bá ti jábọ́, kì í ṣe irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀ mọ́.

Lóòótọ́, èèyàn lè gé páànù tó jẹrà kúrò, kó jó tuntun mọ́ ọn, kó tún un kùn kó máa dán. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n kùn ní Turin ní 1965 àti ojú ibi tí wọ́n ti jó páànù pọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́. Téèyàn bá ti ha wọ́n dànù, kò sí owó tó lè rà wọ́n padà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkójọ fi fẹ́ràn mọ́tò tó ti ṣá díẹ̀ àmọ́ tí ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtilẹ̀wá, ju èyí tó ń dán gbinrin lọ.

Ẹ dán èyí wò nílé: ẹ fi ìṣó lásán kan sínú omi, òmíràn sínú omi iyọ̀, ẹ̀kẹta sínú ike gbígbẹ tó dé pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta yẹn ni mọ́tò tí wọ́n ń wá kiri.