KÍKỌ́ ỌMỌ NÍ ERÉ RỌ́GBÌ LÍÌGÌ: IBI TÍ ORÍ YÓÒ WÀ NI Ẹ̀KỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Ìlú Huddersfield, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti dá eré rọ́gbì líìgì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ rọ́gbì láti Yorkshire àti Lancashire péjọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ George, wọ́n sì ya ara wọn kúrò lábẹ́ àwọn aláṣẹ rọ́gbì ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ owó ni ó dá ìjà sílẹ̀. Awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣeré fún wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣeré, owó ọjọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn aláṣẹ kò sì gbà kí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a padà fún un.

Lẹ́yìn ìyapa yìí ni òfin eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Láti ọdún 1906, ènìyàn 13 ni ó ń ṣeré ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, dípò 15 ti àtẹ̀yìnwá. Bọ́ọ̀lù náà gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré. A lè fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá fi ọwọ́ jù ú kò gbọdọ̀ jù ú síwájú rárá; ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni yóò jù ú sí. Ẹni tí ó bá gbé e kọjá ìlà àwọn ẹgbẹ́ kejì, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀, ti gba àmì mẹ́rin. Bí wọ́n bá dì í mú kí ó tó dé ibẹ̀, yóò dìde, yóò gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀, eré yóò sì máa bá a lọ. Nígbà tí wọ́n bá dì wọ́n mú lẹ́ẹ̀kẹfà, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì.

Eré náà ti dé Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní ọdún 2019, Nàìjíríà, Ghana, Cameroon àti Morocco pàdé ní Èkó láti fi rọ́gbì líìgì díje, Nàìjíríà ni ó sì borí. Nítorí náà ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbà tí ń bójú tó ọ̀dọ́ mọ bí a ti í kọ́ni ní eré yìí láì pa ọmọ lára.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí akọ́nimọ̀ọ́gbá pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì ní ọjọ́ kìíní, kí ó ju bọ́ọ̀lù sí àárín wọn, kí ó sì fọn fèrè. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ rí, tí ó bá rí ẹni tí ó sanra jù ú lọ tí ń sáré bọ̀ wá bá a, ohun tí ara rẹ̀ bá sọ fún un ni yóò ṣe. Yóò dijú, yóò tẹ orí ba, yóò sì gbé orí náà síwájú orúnkún ẹni tí ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń mì, ibẹ̀ ni ọrùn sì ti lè kán. Nínú ìdíje àwọn àgbà, kì í ṣe ohun ìyanu kí ẹnìkan ṣoṣo di ènìyàn mú ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí eré tó parí. Ohun tí a ó ṣe ní ìgbà 30, tí ó sì lè pa ni lára bí a bá ṣì í ṣe, kì í ṣe ohun tí ọmọ ń fúnra rẹ̀ wá kiri lórí pápá.

Orí koríko tí ó rọ̀ ni kí ìdánrawò yìí ti wáyé, kì í ṣe orí taàrá. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá mú àwọn ọmọ ní méjì méjì, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn ní ìwọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀kan mú bọ́ọ̀lù. Èkejì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì dì í mú jẹ́jẹ́. Bí ẹni tí ó mú bọ́ọ̀lù bá ń kọjá lọ ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí yóò dì í mú, èjìká ọ̀tún ni yóò fi kàn án, orí rẹ̀ yóò sì wà ní ẹ̀yìn ìdí ẹni náà. Orí kò gbọdọ̀ sí níwájú itan. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni, èjìká òsì ni. Nígbà tí orí bá wà lẹ́yìn, ẹni tí a dì mú ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ẹni tí ó dì í yóò sì bọ́ sórí rẹ̀. Bí orí bá wà níwájú, gbogbo ìwúwo ẹni tí ń ṣubú ni yóò bá ọrùn. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ẹ̀fẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èyí, nítorí orúkọ kan náà ni èdè wọn fi ń pe ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abala ìdí: wọ́n ní kí èkíní lẹ̀ mọ́ èkejì. Ẹ̀fẹ̀ náà kò ṣeé sọ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò yí padà.

Ojú gbọ́dọ̀ là sílẹ̀, apá méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dì mọ́ itan ẹni náà pinpin. Ẹni tí ó kàn fi èjìká gbá ènìyàn láì fi apá dì í ti rú òfin, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó fi ọwọ́ kan orí tàbí ọrùn. Àwọn tí wọ́n ti mọ gídígbò yóò rí i pé ìmọ̀ wọn ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi dídìmọ́ni, ṣùgbọ́n nínú gídígbò, ọwọ́ á ti kan ara kí agbára tó wọ̀ ọ́. Níhìn-ín, eré ni ẹni náà ń sá bọ̀.

Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọmọ lára lórí ìkúnlẹ̀, kí ẹni tí ó mú bọ́ọ̀lù dìde, kí ó máa rìn kọjá, kí ẹni tí yóò dì í mú ṣì wà lórí orúnkún kan. Lẹ́yìn èyí, kí òun náà lóṣòó. Lẹ́yìn náà kí àwọn méjèèjì máa rìn. Ìgbẹ̀yìn ni sísáré. Èjìká ọ̀tún àti ti òsì ni kí ọmọ fi ṣe é ní ìpele kọ̀ọ̀kan, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ní apá tí ó fẹ́ràn. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá rí i pé ọmọ ti tún ń dijú, kí ó dá a padà sí ìpele tí ó ti kúrò, láì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tí a sì fi ṣẹ̀sín, yóò fi ipá sáré wọlé kí a má baà pè é ní ojo, òun gan-an ni yóò sì farapa.

Ṣíṣubú pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kí ẹni tí a dì mú gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kí ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kí ó sì fi ìbàdí kan ilẹ̀ ṣáájú èjìká. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ láti fi gba ilẹ̀ lè dá ọrùn ọwọ́.

Jíjù bọ́ọ̀lù rọrùn ju èyí lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àkókò ni a ń fi ṣòfò níbẹ̀. Bí ọmọ 20 bá tò sórí ìlà kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan, 19 ni ẹnìkan yóò dúró dè kí ó tó tún kàn án. Bí a bá pín wọn sí mẹ́rin mẹ́rin pẹ̀lú bọ́ọ̀lù márùn-ún, mẹ́ta péré ni yóò dúró dè. Bí bọ́ọ̀lù kò bá tó, àkísà tí a dì le gírígírí tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí àwọn mẹ́rin náà máa rìn síwájú, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn díẹ̀ sí ẹni tí yóò jù ú sí i. Kí ẹni tí yóò gbà á ti na ọwọ́ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹnìkejì. Iwájú àyà ẹni tí ń gbà á ni kí a jù ú sí, kí ó lè sáré bá a láì dẹsẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi òkúta sàmì sí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 10, kí ọmọ méjì gbìyànjú láti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ẹnìkan ṣoṣo. Ìdánrawò kékeré yìí ń kọ́ni ní ọgbọ́n ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Bí ẹni tí ó mú bọ́ọ̀lù bá tètè jù ú, ẹni tí ń ṣọ́nà yóò kàn yí sí ẹnìkejì. Ó gbọ́dọ̀ sáré lọ bá a tààrà títí ẹni náà yóò fi dojú kọ òun, nígbà náà ni kí ó tó jù ú.

Bí orí ọmọ bá gbá nǹkan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó ń bì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, tàbí tí kò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì padà ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé ara òun ti yá. Kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá jẹ́ ọrùn ni ó ń dùn ún, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tìpìrì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e dìde, kí wọ́n má sì yí orí rẹ̀ padà. Kí wọ́n jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ bí ó ti wà, kí ẹnìkan dúró tì í, kí ẹlòmíràn sì sáré lọ pe oníṣègùn wá.