Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Tí Ń Padà Wá



Àwọn kan ń bẹ nínú ìjọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti dá dùbúlẹ̀ rí, tí wọ́n gba ìtọ́jú, tí ara wọn sì yá; ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, àìsàn náà tún dé. Àwọn ènìyàn a sì máa wí pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Wòlíì Èlíjà pàápàá jókòó lábẹ́ igi ní aginjù, ó sì tọrọ ikú (1 Àwọn Ọba 19). Ọlọ́run kò bá a wí. Áńgẹ́lì ni ó gbé oúnjẹ àti omi wá fún un, ó sì tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ni ó ń mú àìsàn náà padà? Nígbà tí ìbànújẹ́ àti èrò bíi “èmi kò wúlò” bá ti jọ gbé inú ènìyàn pẹ́, wọn a di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Lẹ́yìn ìwòsàn, ìbànújẹ́ kékeré tí ó lè bá ẹnikẹ́ni tó láti jí èrò àtijọ́ wọ̀nyí. Ọkàn a sì máa jẹ wọ́n ní àpọ̀jẹ bí ewúrẹ́, títí ìsoríkọ́ yóò fi tún fìdí múlẹ̀.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Zindel Segal, Mark Williams àti John Teasdale, ṣètò ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ lórí ọ̀ràn yìí. Ó ń kọ́ni láti fiyè sí èémí, ara àti èrò ẹni láìdá ara ẹni lẹ́bi, kí a lè mọ̀ pé èrò lásán ni èrò. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2000, láàárín àwọn tí àìsàn náà ti kọlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà sára 66 nínú 100 àwọn tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n 37 nínú 100 àwọn tí ó kọ́ ọ.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lọ́kàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fiyè sí èémí bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Níkẹyìn, ẹ fiyè sí gbogbo ara. Bí ọkàn bá ṣáko lọ, ẹ rọra mú un padà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí èyí pa oògùn dókítà tì. Bí èrò ikú bá sì wọlé, ẹ tètè sọ fún ẹni tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ará ilé aláìsàn, nígbà tí ó bá tún dé, ẹ má ṣe bi í pé, “Èwo ni ó tún dé?” Áńgẹ́lì náà kò bi Èlíjà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ wá, kí ẹ sì jókòó tì í.