ORÍ IGÚN ÀTI ÀWA Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ

  

Ìbéèrè kan ni ó bí ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí. Lẹ́yìn kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní ilé-kéú wa ní Onígbòǹgbò, arákùnrin kan tí ó ń ṣe lébìrà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú àpò rẹ̀. Àáfà kan ni ó kọ ọ́ fún un, kí ó lè rí iṣẹ́ tí ó dára ju lébìrà lọ. Oyin wà níbẹ̀, tùràrí wà níbẹ̀, odidi orí igún kan náà sì wà níbẹ̀. Owó tí arákùnrin wa ti ń tọ́jú láti oṣù mẹ́ta ni ó fẹ́ fi rà á. Ó bi wá pé: "Ustaz, ṣé kò lòdì sí ẹ̀sìn? Àáfà ni ó kúkú kọ ọ́." A ní kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni kò tíì fi ojú rí igún rí, àfi nínú òwe. Àwọn àgbà àdúgbò wa sọ fún wa pé nígbà èwe wọn, igún máa ń bà sórí òrùlé níbi tí wọ́n bá ti ń pa màlúù, àwọn alápatà kì í sì í lé e, nítorí pé ó ń bá wọn palẹ̀ mọ́. Lónìí, bí ẹ bá lọ sí ilé ìpẹran Oko-Ọba ní Agége, lékeléke ni ẹ ó máa rí. Ní ọdún 2015, IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣọ́ bí àwọn ẹranko ṣe ń pọ̀ sí i tàbí tí wọ́n ń dín kù, gbé igún olórí pípá tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa sí ipò àwọn tí ewu ìparun wọn le jù lọ. Bí ẹyẹ kan bá kúrò ní ipò yẹn tí kò bọ̀ sípò, ohun tí ó kàn ni pé kò ní sí i nínú igbó mọ́.

Ẹ má sọ pé igún á tún bí òmíràn. Adìyẹ lè yé ẹyin mẹ́wàá kí ó tó sàba. Ẹyọ ẹyin kan ṣoṣo ni igún olórí pípá máa ń yé lọ́dún, ọmọ tí ó bá sì pa, ó ń pẹ́ kí òun náà tó tó bímọ. Orí igi gíga ni ó ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ìrókò àti àràbà mélòó ni ó kù láti Onígbòǹgbò títí dé Agége? Láti ìgbà tí ìjọba Western Region ti dá agbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ni igi ti ń wó tí páànù ń dìde. A kò bú ilé-iṣẹ́ o, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń jẹun.

Iṣẹ́ wo ni igún ń ṣe? Omi inú ikùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń pa kòkòrò àrùn tí ó lè pa ènìyàn, tí ó fi mọ́ ti anthrax. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba wa kéde pé anthrax ti pa ẹran ní oko kan ní Ìpínlẹ̀ Niger. Òkú ẹran tí ó bá wà nílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ ni àrùn ń gbà ràn. Ní ilẹ̀ Íńdíà, láti àwọn ọdún 1990 síwájú, igún fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, àwọn irú kan dín kù ju 95 nínú 100 lọ. Oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, diclofenac, ni ó pa wọ́n, nítorí pé wọ́n ń jẹ òkú màlúù tí ó ti lo oògùn náà. Nígbà tí igún lọ, ajá ìgboro ni ó gba ipò rẹ̀ lórí òkú ẹran, ajá pọ̀ sí i, ìbẹ̀rù àrùn dìgbòlugi sì pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2006 ni ìjọba Íńdíà fi òfin de oògùn náà fún ẹran.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe oògùn màlúù ni ó ń pa igún jù. Ìwé pélébé bí irú èyí tí arákùnrin wa mú wá ni. Láàárín ọdún 2019 sí 2020, ní Guinea-Bissau, wọ́n fi májèlé sínú ẹran, igún tí ó lé ní 2,000 sì kú. A rí òkú púpọ̀ nínú wọn láìní orí. Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò: ẹni tí ó bá ra irú orí bẹ́ẹ̀, tí ó lọ̀ ọ́ mọ́ oyin, májèlé ni ó ń lá.

Ní ti ẹ̀sìn, a kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín. Ìwé Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, tí púpọ̀ nínú wa kà ní ilé-kéú, kò ka ẹyẹ tí ó ní èékánná ìpẹran sí haramu. Ojú ọ̀nà Imam Malik nìyẹn. Hanafi, Shafi'i àti Hanbali ní tiwọn kọ̀ ọ́. A sọ èyí kí ẹnì kan má baà ṣí Risala níwájú yín lọ́la kí ó fi pa yín lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n arákùnrin wa kò fẹ́ fi igún jẹ ẹ̀bà. Orí ni ó fẹ́, kí orí ẹyẹ bá a fa iṣẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ànábì (S.A.W.) ka síso oǹdè mọ́ra pẹ̀lú irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹbọ ṣíṣe. Lẹ́yìn náà, ẹyẹ tí májèlé pa kò rí ọ̀bẹ, ẹran òkúǹbete ni, kò sì sí mazhab kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó ní kí a jẹ ẹ́. Ìkìlọ̀ ńlá tún wà nínú hadith fún ẹni tí ó bá pa ẹyẹ ológoṣẹ́ lásán, pé ẹyẹ náà yóò pè é lẹ́jọ́ níwájú Ọlọ́hun. Bí ológoṣẹ́ bá rí bẹ́ẹ̀, igún ńkọ́? Ẹ tún rántí Suratul Ma'idah: nígbà tí Qabil pa àbúrò rẹ̀ tí kò mọ ohun tí yóò fi òkú ṣe, ẹyẹ ni Ọlọ́hun rán láti kọ́ ọ bí a ṣe ń bo òkú.

Igún nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Akika, ẹran tí ìpẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀, tí ó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, náà ń tán lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Singapore gba ẹrù ìpẹ́ akika méjì tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 25. Nàìjíríà ni méjèèjì ti wá, Vietnam ni wọ́n ń lọ. Ojú ti wá nígbà tí a kà á. Òfin tí ó dáàbò bo irú ẹranko báyìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa, láti ọdún 1985 ni ó ti wà.

Ẹgbẹ́ NCF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ewé rọ́pò orí igún. Àwọn náà ni wọ́n ni ọgbà Lekki tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, níbi tí ọ̀bọ ti ń fò láti igi dé igi nínú Èkó yìí kan náà. A fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì wa lọ síbẹ̀ ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ̀yin tí ó bá wù ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, arákùnrin wa padà wá. Kí a tó la ẹnu ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti lọ sọ fún àáfà yẹn pé òun kò rí orí igún rà. Àáfà ní kí ó kó owó náà wá kí òun bá a ránṣẹ́ sí òkè Ọya, nítorí pé ní Èkó níbí, kò sí igún mọ́. "Ustaz," ni ó wí, "bí orí igún bá ń fún ènìyàn ní iṣẹ́ ni, pẹ̀lú gbogbo èyí tí wọ́n ti pa tán ní Èkó, ta ni ìbá ṣẹ́kù tí kò níṣẹ́?" Ó ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ni òun máa fi owó náà san.