Ẹ Fi Eré Kọ́ Ọmọ Yín Nílé

Ẹ̀yin ìyá wa, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní 2020, ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mú ẹ̀kọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ fífọ̀, tí ń dènà ìgbẹ́ gbuuru.

1. Ẹ fi epo pupa àti èédú pa ọmọ lọ́wọ́. Kí ó fi omi lásán fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ó lo ọṣẹ. Yóò fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọṣẹ.

2. Kí ó ka oókan dé ogún bí ó ti ń fi ọṣẹ ra ọwọ́.

3. Kí ó kó ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò 12, kí ó ka gbogbo rẹ̀: 48. Kí ó fọwọ́ kí ó tó jẹun.

Ẹ má fi ọmọ ayò sí àrọ́wọ́tó ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta. Ó lè há a lọ́fun.