Ẹ̀KỌ́ KỌKÀNLÁ: ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ LÓRÍ ÒWÒ OHUN ÈLÒ Ẹ̀KỌ́

Ìbéèrè: "Ọjà ńlá ni ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ fún àwọn tí ń ta ìwé àti ohun èlò ẹ̀kọ́." Ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí.

Bí irú ìbéèrè yìí bá jáde, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fò ó kọjá, tí wọn yóò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà tí a ń wí yìí wà nínú àpò ìwé wọn. Ṣí ìwé ìṣirò rẹ sí ojú ewé tí ó tẹ̀lé àkọlé, kí o wo ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ohun ìyanu bí o bá rí Íńdíà tàbí Ṣáínà níbẹ̀. Wo ara pẹ́ńsù rẹ àti kọ́ńpáàsì rẹ pẹ̀lú. Láti ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí ronú.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù nínú ìbéèrè náà ni "ṣàlàyé". Wọn kò ní kí o jiyàn. Má ṣe fi gbogbo ìwé rẹ bú òyìnbó, má sì ṣe fi yìn ín. Ohun tí olùyẹ̀wò ń wá ni bí òwò náà ti ń lọ: ta ni ń tà, ta ni ń rà, kí ni í mú kí ọjà tà, kí ni ó sì máa ń bà á jẹ́. Mú orílẹ̀-èdè méjì tí o mọ nǹkan nípa wọn, kí o sì dì wọ́n mú títí dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ "àwọn orílẹ̀-èdè kan" láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé kò tíì sọ nǹkan kan. Bí ọdún tàbí iye kan kò bá dá ọ lójú, yọ ọ́ kúrò. Àròkọ rẹ kò ní kú nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ kan ṣoṣo lè mú kí olùyẹ̀wò máa fura sí gbogbo ìyókù.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ta ìwé fún wa ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọ tiwọn náà ni wọ́n ń dì sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Iléṣà tí kò rí òjò dídì rí ni ó ń kọ́ ọ sórí pé òjò dídì funfun.

Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ọ̀nà mìíràn wà. Oxford University Press ṣí ọ́fíìsì sí Ìbàdàn ní 1949. Longmans dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín ní 1961, Macmillan ní 1965, Evans ní 1966. Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń bọ̀? Ọmọ ni wọ́n rí. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n lé ní 450,000 ní 1954 di ẹni tí ó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Gbogbo wọn ni yóò lo ìwé kíkà, síléètì àti ṣọ́ọ̀kì. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ọjà náà sì tún fẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù kọ́ ni ó ń jèrè jù. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, àwọn ọkọ̀ fi apá òsì ojú ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, a fi pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí ìwé ìṣirò tí a tẹ̀ fún Nàìjíríà kún àjà rẹ̀ ní London, ìwé tí ń bi ọmọ léèrè pé pẹ́nì mélòó ni ó wà nínú ṣílè mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà, 42 náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí yóò tún ra ìwé náà. Kò sì lè tà á nílé, nítorí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí pẹ́nì méjìlá sí ṣílè kan láti 1971. Ẹni tí ó ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, tí ó ń bá olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó, ti gbọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan nínú wọn tètè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ka ìwé ni a ti ń mú ìwé jáde. Longmans ni ó tẹ Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ. Nelson tẹ àwọn ìwé D. O. Fágúnwà. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì, ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́ ni wọ́n kọ̀wé fún. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà gbáko, kò sí ilé ìtàwé kan ní London tí ó ní ìwé tí wọn yóò lò. Níhìn-ín ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ti ẹ̀rọ ni ó burú jù. Ní 1982 ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, a sì ní kí ọmọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé. Ìjọba ra ẹ̀rọ iṣẹ́ igi àti ti irin láti àwọn orílẹ̀-èdè Ìlà-Oòrùn Yúróòpù. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, inú àpótí pákó tí wọ́n dì wọ́n sí ni wọ́n wà títí wọ́n fi dípẹtà. Kò sí ilé tí a ó gbé wọn sí, kò sí iná mànàmáná, kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Ẹni tí ó tà wọ́n ti gba owó rẹ̀, ọmọ tí a rà wọ́n fún kò fọwọ́ kàn wọ́n. Èrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni, nítorí ta ni yóò padà wá ra ẹ̀yà ara fún ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ rí?

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó. Òfin 1977 fi ìpín tí ó pọ̀ jù nínú irú ilé-iṣẹ́ báyìí sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀ka Oxford ní Ìbàdàn sì di University Press Limited ní 1978. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ kọjá náírà mẹ́ta kí ọdún náà tó parí. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023: dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 náírà ní 2024. Lóòótọ́, UNESCO ti ṣe àdéhùn ní ìlú Florence láti 1950 pé kí a má gba owó ibodè lórí ìwé, ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kò lè di náírà mú. Ẹni tí ó bá ta ìwé láwìn ní oṣù kìíní, tí ó gba owó rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, lè rí i pé owó náà kò tó ra bébà tí yóò fi tẹ òmíràn. Yóò fi kún owó ìwé, òbí ni yóò sì san án. Òbí tí kò bá lè san án, ọmọ rẹ̀ yóò máa yọjú wo ìwé ẹni tí ó jókòó tì í.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yí ojú ọjà padà. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní London, wọ́n pọ̀ ní Houston, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wá ìwé Yorùbá fún ọmọ wọn. Àwa ni atajà níbẹ̀. Náírà tí ó wálẹ̀, tí ó ń pa ẹni tí ń kó ìwé wọlé lára, ọ̀rẹ́ ni fún ẹni tí ń kó ìwé jáde: ìwé tí ó wọ́n ní Ìbàdàn, owó díẹ̀ ni lójú ẹni tí ń ná pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń gbọ́ Yorùbá kí ó tó mọ̀wé ni a kọ Aláwìíyé fún. Ọmọ tí a bí sí Peckham lè má gbọ́ ọ rárá. Kò mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀, kò sì rí agbè ẹmu rí. Bí a bá di ìwé náà ránṣẹ́ sí i bí ó ti wà, òjò dídì tiwa ni a fi ránṣẹ́ sí i.

ÀKÍYÈSÍ

Àròkọ yìí gùn ju èyí tí àkókò ìdánwò yóò gbà ọ́ láyè láti kọ. Bí o bá fẹ́ gé e, ìpínrọ̀ owó ni kí o kọ́kọ́ gé, nítorí iye inú rẹ̀ pọ̀, ó sì rọrùn láti ṣì í kọ. Má ṣe gé ìwé ìṣirò oníṣílè. Òun ni ó jẹ́ kí a fojú rí òwò náà.

Òwe kan péré ni akọ̀wé lò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa to òwe jọ bí ẹni to iṣu sí abà, wọn kò sì ní rántí ìbéèrè mọ́. Wò ó pẹ̀lú pé kò bú ẹni tí ó ta ẹ̀rọ. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó bèèrè ìbéèrè kan, ó sì kọjá. "Àwìn", "àjà", "owó ibodè": ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì bá mu. Mọ bí a ti ń fi àmì sí wọn.

ÌDÁNRAWÒ

Òbí kan ní Leeds kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn, ó ń bèèrè ìwé Yorùbá fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò gbọ́ èdè náà. Kọ èsì lẹ́tà náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Jẹ́ kí òbí náà mọ èyí tí ẹ ní lọ́wọ́, èyí tí kò ní wúlò fún ọmọ rẹ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí i. Àdírẹ́sì méjì ni lẹ́tà yìí yóò ní.