Èdè Kan, Ohùn Púpọ̀: Ẹ̀kọ́ lórí Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú Èdè Sípéènì

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Òwe yìí kò yọ èdè sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kan ń sọ ní ilé láìbẹ̀rù, tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà, lè di ohun ẹ̀rín tàbí ohun ìtìjú nígbà tí ó bá dé ilé-ìwé. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó yẹ èdè Sípéènì wò, kí a lè mọ ojú tí àwọn tí ń kọ́ ọ àti àwọn tí ń sọ ọ́ pọ̀ mọ́ èdè mìíràn fi ń wo oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà ń sọ ọ́, àti ohun tí ó tọ́ kí olùkọ́ ṣe nípa rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú èdè Sípéènì, ìdáhùn kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Benin, Tógò, Senegal àti Côte d'Ivoire ni wọ́n ń kọ́ èdè yìí ní ilé-ìwé gíga. Ní Equatorial Guinea, tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì ní ọdún 1968, ó wà lára àwọn èdè ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Fang tàbí Bubi ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́ nínú ilé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí wà ní ẹnu ọ̀nà wa.

Bí Ìyàtọ̀ náà Ti Rí

Èdè Sípéènì jẹ́ èdè ìjọba ní 20 orílẹ̀-èdè, àwọn tí ó sì ń sọ ọ́ láti kékeré ju 400 mílíọ̀nù lọ. Èdè tí ó tàn kálẹ̀ tó báyìí kò lè ní ohùn kan ṣoṣo. A lè pín ìyàtọ̀ inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ekíní ni ìró. Ní àárín àti àríwá Sípéènì, casa, èyí tí í ṣe ilé, àti caza, èyí tí í ṣe ọdẹ ṣíṣe, kò dún bákan náà, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ń pe z, wọn a yọ ahọ́n sí àárín eyín. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Canary, ní púpọ̀ nínú ilẹ̀ Andalusia, àti ní àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń sọ èdè náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì dún bákan náà. Ní Kúbà ẹ̀wẹ̀, s tí ó bá wà ní ìparí sílébù a máa di èémí lásán bí h, tàbí kí ó tilẹ̀ parẹ́. Los libros, àwọn ìwé, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí loh libroh.

Ekejì ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "ìwọ ní" yóò wí pé tú tienes ní Madrid tàbí ní Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n ní Ajẹntínà yóò wí pé vos tenés. Bí àwọn ọ̀rẹ́ náà bá ju ẹyọ kan lọ, vosotros ni ọ̀pọ̀ ará Sípéènì yóò pè wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ustedes ni gbogbo ènìyàn ń lò, ìbáà ṣe fún ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe fún àgbà.

Ẹkẹta ni orúkọ nǹkan. Bọ́ọ̀sì tí ń kó èrò ni guagua ní Kúbà àti ní erékùṣù Canary, ó ń jẹ́ camión ní Mẹ́síkò, ó sì ń jẹ́ colectivo ní Ajẹntínà. Ṣùgbọ́n bí ará Kúbà bá dé Chile tí ó wí pé òun ń dúró de guagua, ọmọ ọwọ́ ni àwọn tí ó gbọ́ ọ yóò rò pé ó ń retí, nítorí pé ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Kò sí èyí tí ó ṣìnà nínú wọn. Ilé ni ó yàtọ̀ sí ilé.

Ibi tí Ìdájọ́ náà ti Ṣẹ̀ Wá

Ní ọdún 1492, Antonio de Nebrija tẹ ìwé gírámà èdè Castile jáde. Ní ọdún 1713, a dá Akadẹ́mì Ọba sílẹ̀ ní Madrid láti máa tọ́jú èdè náà. Àmì-ọ̀rọ̀ tí Akadẹ́mì náà yàn fún ara rẹ̀ ni pé òun ń fọ èdè mọ́, òun ń mú un dúró ṣinṣin, òun sì ń mú un dán. Iṣẹ́ rere ni láti ṣe ìwé atúmọ̀-èdè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ pé a ń fọ nǹkan yóò gbà pé ìdọ̀tí wà lára rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará òkèèrè ni ìdọ̀tí náà.

Andrés Bello, ọmọ Caracas tí ó di olùkọ́ àgbà ní Chile, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gírámà tí ó kọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1847, ó sọ pé bí a bá lè fara da àṣà ìsọ̀rọ̀ Aragon àti Andalusia, ó tọ́ kí a fara da ti Chile àti Venezuela pẹ̀lú. Síbẹ̀, Bello kan náà ni ó ti bá àwọn ará Chile wí pé kí wọ́n yé lo vos. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń gbèjà àṣà ilẹ̀ rẹ̀ lè má lè gbèjà gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 1941, ọ̀mọ̀wé ọmọ Sípéènì kan, Américo Castro, kọ ìwé tí ó fi bẹnu àtẹ́ lu èdè àwọn ará Buenos Aires. Òǹkọ̀wé Jorge Luis Borges fún un lésì kíkan, ó sì wí pé kò sí àrùn kan nínú èdè àwọn. Ní ọdún 1951, àwọn Akadẹ́mì orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Mẹ́síkò, wọ́n sì di ẹgbẹ́ kan, tí ó ti di Akadẹ́mì 23 lónìí. Ní ọdún 1982, Akadẹ́mì ti Ajẹntínà fọwọ́ sí i pé vos jẹ́ èdè tí ó tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tí a ń bá ọmọ wí lé lórí láyé Bello ni Akadẹ́mì fọwọ́ sí ní ọdún 1982. Vos kò yí padà. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó yí padà. Èyí ni kókó ẹ̀kọ́ wa: nígbà púpọ̀, bí a bá wí pé ọ̀rọ̀ kan burú, ẹni tí ń sọ ọ́ ni a ń dá lẹ́jọ́.

Àwọn tí ń Kọ́ Èdè náà

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa béèrè pé, "Èwo gan-an ni ojúlówó?" Ìbéèrè náà kò burú, nítorí pé ó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé kíákíá ni ó ń kọ́ ẹ̀gàn mọ́ èdè. Kí ó tó lè sọ gbólóhùn mẹ́wàá, yóò ti máa wí pé èdè Castile ni ó mọ́, àti pé àwọn ará Kúbà ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ìtàn kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ fún ara wọn, pé ọba Sípéènì kan wà láyé àtijọ́ tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, tí àwọn ìjòyè sì ń sín in jẹ, èyí tí ó mú kí àwọn ará Castile máa fi ahọ́n sí àárín eyín. Ìtàn náà kì í ṣe òótọ́. Bí ó bá jẹ́ ahọ́n wúwo ni, ì bá ti mú s ti casa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ń pe ìyẹn gaara. Òtítọ́ ni pé láyé àtijọ́, èdè náà ní ìró púpọ̀ tí ó jọ s. Ní àríwá, wọ́n di méjì. Ní Sevilla àti agbègbè rẹ̀, wọ́n di ẹyọ kan. Láti Sevilla sì ni ọkọ̀ ojú omi ti ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ohùn gúúsù fi gba ibẹ̀ kan.

Ẹni tí ó bá kọ ohùn Kúbà sílẹ̀ yóò pàdánù púpọ̀, àwa ọmọ Yorùbá ni yóò sì dùn jù. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ibẹ̀, tí a ń pè ní Lucumí, fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àṣẹ di aché, nítorí pé èdè Sípéènì kò ní ìró ṣ. Ní ọdún 1957, Lydia Cabrera ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé kan tí ó pè ní Anagó.

Àwọn Elédè Méjì

Ìyà tí ó tóbi jù wà lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n bí sínú èdè méjì. Lẹ́yìn ogun ọdún 1846 sí 1848, púpọ̀ nínú ilẹ̀ Mẹ́síkò bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì níbẹ̀ sì bá ilẹ̀ wọn lọ. Ní ọdún 1918, ìpínlẹ̀ Texas ṣe òfin pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba fi èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, àyàfi níbi tí a bá ti ń kọ́ èdè òkèèrè. Àwọn ọmọ a máa jẹ ẹgba nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ara wọn ní pápá ìṣeré. Òǹkọ̀wé Gloria Anzaldúa, ọmọ Texas, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1987 bí òun pẹ̀lú ti jẹ ìyà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1968, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ìwé jáde kúrò ní kíláàsì ní Los Angeles. Ara ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí a má ṣe jẹ wọ́n níyà mọ́ nítorí èdè wọn. Ní ọdún kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fi owó ran ẹ̀kọ́ ní èdè méjì lọ́wọ́. Texas pẹ̀lú yí òfin tirẹ̀ padà ní ọdún 1969.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlẹ̀kùn kíláàsì èdè Sípéènì ṣí fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìtìjú kejì ń dúró dè wọ́n nínú ilé. Ọmọ kọ truje, "mo mú wá," olùkọ́ fi yíǹkì pupa fa ilà sí i, ó kọ traje. Ọmọ wí pé asina, "báyìí," a ní èdè ará oko ni. Bẹ́ẹ̀ ni truje wà nínú ìwé àwọn àgbà òǹkọ̀wé Sípéènì láyé Cervantes. Àwọn baba ńlá ọmọ náà ni wọ́n gbé e wá, tí wọ́n sì pa á mọ́ nígbà tí àwọn ará ilé gbàgbé rẹ̀.

A tún ń bá wọn wí pé wọ́n ń pe ọkọ̀ akẹ́rù ní troca, wọ́n sì ń pe kí a gbé ọkọ̀ sí ibìkan ní parquear, nítorí pé láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá. Àwọn tí ń wí bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé lárúbáwá ni algodón, òwú, àti azúcar, ṣúgà. Àwa pẹ̀lú ń jẹ àlùbọ́sà, tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá gba ilẹ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Òbí tí a nà nítorí èdè rẹ̀ pinnu pé ọmọ òun kì yóò jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì fi bá a sọ̀rọ̀. Lónìí, bí ọmọ náà bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, tí ó wí pé no sabo dípò no sé, "n kò mọ̀," àwọn ẹbí rẹ̀ yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó wá dà bí àdán tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ. Ìyá àgbà wà láàyè, ọmọ-ọmọ kò sì lè bá a sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Èyí kò wí pé kí olùkọ́ má ṣe tọ́ni sọ́nà. Bí ọmọ Yorùbá bá tẹ̀lé ètò "ìwé náà," tí ó wí pé libro el dípò el libro, kò sí ìlú kan tí ń sọ èdè Sípéènì tí ń wí bẹ́ẹ̀. Kí a tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó fa ilà pupa, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ǹjẹ́ ibìkan wà tí wọ́n ti ń sọ èyí?" Bí ó bá wà, kí ó sọ ibẹ̀ fún ọmọ náà, lẹ́yìn náà kí ó fi ọ̀rọ̀ tí a ń lò nínú ìwé kún un. Àfikún ni kí ó ṣe, kí ó má ṣe gba èyí tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ.

Kí ó yan ọ̀nà kan fún ìwé kíkọ, kí ó sì dúró lórí rẹ̀ kí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ má bàa dàrú. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí etí wọn gbọ́ ohùn Madrid, Havana, Mẹ́síkò àti Malabo. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà.

Ìbéèrè fún Àṣàrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ àti àṣà ìlú kan? Fi libro el àti truje ṣe àpẹẹrẹ.
2. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ìtàn ọba tí ahọ́n rẹ̀ wúwo kì í ṣe òótọ́?
3. Kí ni ìtàn vos kọ́ wa nípa bí a ti ń dá ọ̀rọ̀ lẹ́jọ́?
4. Mú ọ̀rọ̀ kan tí a ń fi ọmọ ṣẹ̀sín nítorí rẹ̀ ní ilé-ìwé ìlú rẹ. Wá ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, kí o sì kọ bí ìwọ yóò ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.