Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Àwòrán Sinimá Tí A Fi Ọwọ́ Kùn àti Bí A Ṣe Ń Kó O Jọ

Iṣẹ́: Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà
Kíláàsì: JSS 3, Agége
Àkókò: Ogójì ìṣẹ́jú

Èròǹgbà
Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
1. ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kun àwòrán fíìmù kàtúùnù láyé àtijọ́;
2. sọ ìdí tí àwọn ayàwòrán Gánà fi lo àpò fúláwà;
3. dá àwòrán ọwọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀;
4. sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun èlò ìkọ́ni
Abala ọ̀rá tó mọ́ gaara, gègé dúdú, ọ̀dà, àpò fúláwà òfìfo láti ilé búrẹ́dì, ìwé ìròyìn àtijọ́, gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi.

Ìfáárà
Olùkọ́ bèèrè pé: kí ló dé tí a fi ń pe ìkóríta tí afárá wà ní Agége ní Pen Cinema? Ojoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilé sinimá ló sọ ibẹ̀ lórúkọ. Orúkọ náà kò parẹ́, ṣùgbọ́n ta ló tọ́jú àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń pe èrò wá wo fíìmù nígbà náà?

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Cel, abala tó ń gbé kàtúùnù rìn
Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ọwọ́ ènìyàn ló ń ya fíìmù kàtúùnù. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú òǹwòran. Bí ayàwòrán bá ní láti tún ilé, igi àti ojú ọ̀run yà nínú gbogbo wọn, ìgbà wo ni iṣẹ́ fẹ́ tán? Ní 1914, Earl Hurd ní Amẹ́ríkà wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tó ń rìn nìkan ni wọ́n á yà sórí abala sẹ́lúlọ́ìdì tó mọ́ gaara, wọ́n á gbé e lé àwòrán ilé àti igi tí kò yí padà, wọ́n á sì ya méjèèjì pọ̀ ní fọ́tò. Iwájú abala ni wọ́n ń fa ìlà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kun ọ̀dà sí, kí ọ̀dà má baà bo ìlà. Abala yìí ni wọ́n ń pè ní cel.

Ní ilé iṣẹ́ Walt Disney, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fa ìlà tí wọ́n sì ń kun ọ̀dà. Bí fíìmù bá ti parí, wọ́n á fọ cel kan láti tún un lò, wọ́n á da òmíràn nù. Lẹ́yìn tí fíìmù Snow White jáde ní 1937 ni ilé àwòrán Courvoisier ní San Francisco bẹ̀rẹ̀ sí í ta cel fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn fíìmù The Little Mermaid (1989), kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ní Disney. Iwájú, eré nípa Èkó tí ilé iṣẹ́ Kugali àti Disney gbé jáde ní 2024, kò ní cel kankan, nítorí inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Àpò fúláwà ní Gánà
Láti bí 1980 lọ ni fídíò ti gbilẹ̀ ní Gánà. Àwọn afihanfíìmù a gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n a máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n nílò ohun tí yóò fa èrò. Àpò fúláwà olówùú nípọn, kò sì wọ́n. Wọ́n á tú àpò méjì, wọ́n á rán wọn pọ̀, ayàwòrán á sì fi ọ̀dà ya òṣèré, ejò àti idà sí i. Nígbà mìíràn kò tíì wo fíìmù náà rárá. Fíìmù Amẹ́ríkà, ti Hong Kong àti ti Nàìjíríà wà lára èyí tí wọ́n yà. Joe Mensah, Leonardo àti Heavy J. jẹ́ gbajúmọ̀ nínú àwọn ayàwòrán yìí.

Nígbà tí pósítà títẹ̀ di ohun tó rọrùn, iṣẹ́ wọn dín kù. Ní 2000, Ernie Wolfe, tó ń ta iṣẹ́ ọnà ní Los Angeles, gbé ìwé Extreme Canvas jáde lórí àwọn àwòrán yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ ní òkè òkun.

Kókó tí olùkọ́ yóò tẹnu mọ́: irinṣẹ́ ni àwọn tó ń lo cel àti àpò fúláwà kà wọ́n sí, ẹlòmíràn ló rí i pé ó yẹ ní títọ́jú. Ẹ jẹ́ kí àwa náà tètè mọ iyì ohun tí ọwọ́ àwọn ará àdúgbò wa ṣe, nígbà tó ṣì wà nítòsí.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Bí a ṣe ń mọ ojúlówó
- Cel: ihò tí wọ́n fi ń mú un dúró lójú kan wà létí rẹ̀, ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dọ́gba.
- Àpò: ojú ìránṣọ wà láàárín, orúkọ ilé iṣẹ́ fúláwà lè hàn lẹ́yìn.
- Àwòrán tí ẹ̀rọ tẹ̀: lábẹ́ gíláàsì, tó-tò-tó kéékèèké ló máa ń hàn, bíi ti ìwé ìròyìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gíláàsì wo ìwé ìròyìn àti àwòrán tí olùkọ́ fi ọ̀dà yà.

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Ìtọ́jú
Ooru àti ọ̀rinrin Èkó ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Cel a máa ká kò, ọ̀dà rẹ̀ a sì máa ṣí. Má ṣe gbé e sójú oòrùn. Má ṣe to ọ̀kan lé òmíràn láìfi bébà tí kò ní èròjà kíkan sáàárín. Má ṣe ká àpò ní ìṣẹ́po, nítorí ojú ìṣẹ́po ni ọ̀dà ti ń sán. Yí i mọ́ ọ̀pá róbótó, kí ojú ọ̀dà wà níta.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Kíkójọ ní Agége àti Ìkẹjà
Flex, ìyẹn ọ̀rá tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán sí, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, pátákó onígbàjámọ̀, pátákó olóúnjẹ àti ara ọkọ̀ akẹ́rù ṣì wà tí ọwọ́ kùn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀kan gbọ́dọ̀ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ó sanwó tó tọ́, kí ó sì kọ orúkọ ayàwòrán, ọdún àti ibi tí ó ti rí i sílẹ̀. Bí a kò bá kọ ọ́, ayàwòrán di aláìlórúkọ.

Ìgbéléwọ̀n
1. Èwo ni wọ́n ń kun ọ̀dà sí, iwájú cel ni àbí ẹ̀yìn? Kí nìdí?
2. Bí fíìmù bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, àwòrán mélòó ló máa kọjá lójú òǹwòran? (Ìdáhùn: 7,200)
3. Dárúkọ àmì méjì tí a fi ń mọ àwòrán ojúlówó.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Wá pátákó kan tí a fi ọwọ́ kùn ní àdúgbò rẹ. Kí ẹni tó ni ín, gba àyè, kí o sì kọ orúkọ ẹni tó yà á àti ọdún tó yà á. Mú àkọsílẹ̀ náà wá sí kíláàsì.